Fáìlì wa ń gba orí FTP kọjá: kí la lè fi rọ́pò rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹnì kan tó wà ní ìlú mìíràn la jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé ìṣirò owó. FTP la fi ń gbé fáìlì lọ gbé bọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà wa àti sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí fáìlì wa ń gbé. Wọ́n wá ń sọ fún wa pé páàsíwọ́ọ̀dù wa ń lọ ní ìhòòhò. Ṣé òótọ́ ni? Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ wo la lè lò? Wọ́n ní kóòdù àwọn kan wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà. Ṣé ìyẹn kò ní jẹ́ kí olè tètè rí ibi gbà wọlé?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ìhòòhò ló ń lọ. Láti ọdún 1985 ni ìlànà FTP tí a ṣì ń lò ti wà nílẹ̀, kò sì sí ìbòjú kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lè wo ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ̀kì yín, kó ṣáà ti ṣí Wireshark, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń wo ohun tó ń kọjá bẹ́ẹ̀, yóò rí ọ̀rọ̀ kan, PASS, páàsíwọ́ọ̀dù yín yóò sì tẹ̀lé e bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́. Fáìlì náà ń bọ̀ lẹ́yìn.

Irú olè yìí ló jà ní yunifásítì kan ní Finland lọ́dún 1995 tí Tatu Ylönen, tó wà níbẹ̀, fi jókòó kọ SSH, ìlànà tó ń bo ohun gbogbo tó bá ń kọjá láàárín kọ̀ǹpútà méjì. Ní 1999, àwọn tó ń ṣe OpenBSD, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, gbé irú SSH tiwọn, OpenSSH, jáde, ọ̀fẹ́, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba. Òun ni mo ní kí ẹ lò. Ó ṣeé ṣe kó ti wà lórí kọ̀ǹpútà yín pàápàá: Linux ní in, macOS ní in, Windows 10 náà ti ń gbé e wá láti 2018. Apá tó ń gbé fáìlì nínú rẹ̀ ni SFTP. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín jẹ, òun àti FTP kì í ṣe ọmọ ìyá. Tí ẹ kò bá fẹ́ràn kí ẹ máa tẹ àṣẹ, ẹ lo WinSCP lórí Windows, tàbí FileZilla níbikíbi. Nínú FileZilla, ẹ yí ibi tí wọ́n kọ Protocol sí padà sí SFTP. Bí fáìlì yín bá tóbi tó sì ń yí padà lójoojúmọ́, rsync ló dáa jù: ibi tó yí padà nìkan ló ń gbé, orí SSH kan náà ló sì ń gbà.

Ní ti kóòdù tó wà ní gbangba: alágbẹ̀dẹ tó rọ àgádágodo mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí, síbẹ̀ kọ́kọ́rọ́ yín kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ni àṣírí, kóòdù kọ́. N kò ní kí ẹ rò pé ibi kò lè wọ inú rẹ̀ o. Ní 2024, ẹnì kan dọ́gbọ́n fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú xz, sọ́fítíwíà kékeré kan, kó lè gba ibẹ̀ wọ inú SSH. Andres Freund, ẹnì kan tó ń kọ sọ́fítíwíà, ló tú u fó. Ó kàn ṣàkíyèsí pé wíwọlé SSH ń pẹ́ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ló bá tú u palẹ̀ títí ó fi bá ìdí rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé abẹ́ kọ́lọ́fín ni kóòdù náà wà, ibo ni ì bá ti bẹ̀rẹ̀?

Ní tèmi, ibi tí ewu wà gan-an ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá kàn sí sáfà. Ẹ̀rọ á sọ pé òun kò mọ ẹni tó wà lódì kejì, á fi ọ̀wọ́ lẹ́tà gígùn kan hàn yín tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SHA256, á ní ṣé kí òun máa lọ. Gbogbo ayé ló ń tẹ yes láìwo ọ̀tún láìwo òsì. Bó bá jẹ́ pé afárá olè lẹ ń gbà kọjá ńkọ́? Ẹ ti dì í dáadáa, ẹ wá gbé e lé olè lọ́wọ́. Ìtẹ̀ka sáfà ni ọ̀wọ́ lẹ́tà yẹn. Ẹ pe ẹni tó ń bójú tó sáfà lórí fóònù, kí ó tẹ èyí níbẹ̀:

ssh-keygen -lf /etc/ssh/ssh_host_ed25519_key.pub

kó sì ka ohun tó bá rí fún yín. Bó bá bára mu, ẹ tẹ yes. Bó bá fi ìtẹ̀ka náà ránṣẹ́ lọ́nà tó ṣeé gbọ́kàn lé, ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ dípò yes, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ fi wéra. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ó ti wọ inú known_hosts nìyẹn, fáìlì tí ẹ̀rọ yín ń kọ àwọn sáfà tó ti mọ̀ sí. Lọ́jọ́ tó bá wá pariwo pé ìtẹ̀ka ti yí padà, ẹ má kàn pa á rẹ́ kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n tún sáfà tò ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi páàsíwọ́ọ̀dù sílẹ̀, kí ẹ ṣe kọ́kọ́rọ́: ssh-keygen -t ed25519. Fáìlì méjì ló máa ń bí. Èyí tó ní .pub lórúkọ ló ń lọ sórí sáfà, èkejì kò gbọdọ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ìdáàbòbò tì í. Kí ẹ tó ní kí sáfà má gba páàsíwọ́ọ̀dù mọ́, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ náà wọlé láti fèrèsé mìíràn ná, kí ẹ má ti ara yín mọ́ta.

Ojú ọ̀nà nìkan ni SSH ń ṣọ́ o. Bí fáìlì bá dé orí sáfà, ẹni tó ni sáfà lè kà á. Bí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi GnuPG tàbí age, sọ́fítíwíà tó ń ti fáìlì pa, tì í kí ẹ tó rán an, tàbí kí ẹ lo Syncthing, tó máa ń mú kí fáìlì kọ̀ǹpútà méjèèjì bára mu láìtọ́jú wọn sórí sáfà ẹnikẹ́ni. Bí SFTP bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n pa FTP tó wà lórí sáfà yẹn. Páàsíwọ́ọ̀dù tí ẹ ń fi wọ FTP, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí, níbi gbogbo tí ẹ ti lò ó, pàápàá bó bá jẹ́ òun náà lẹ fi ń wọ ímeèlì yín.