Ẹ Béèrè, A Ó Dáhùn: Fíìmù Fámpáyà Àtijọ́ fún Alẹ́ Halloween

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Nínú Nosferatu ti 1922, ojúmọmọ ni mo rí Orlok, fámpáyà (òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn) inú rẹ̀, tó ń gbé pósí rẹ̀ kiri ìgboro, bẹ́ẹ̀ oòrùn ló padà pa á. Ṣé àṣìṣe ni? Kí ló sì dé tí gbogbo wọn ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé? (Láti Peckham, London)

Ìdáhùn: Ẹ̀dà tí ẹ ń wò ló lárùn, fíìmù náà kò ṣe nǹkan kan. Fíìmù ayé ìgbà yẹn kò lè ya òru níta kó hàn dáadáa, nítorí náà ọ̀sán ni Murnau, olùdarí fíìmù náà, ya ọ̀pọ̀ ìran òru rẹ̀ ní Wismar àti Lübeck. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rẹ fíìmù náà láró: búlúù fún òru, yẹ́lò fún inú ilé tí iná ń jó, àwọ̀ rósì fún àfẹ̀mọ́júmọ́. Tí òǹwòran 1922 bá ti rí búlúù, ó ti mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn tó wá ń ṣe àdàkọ rẹ̀ lẹ́yìn náà lo fíìmù dúdú-àti-funfun, ni aró bá ṣí, ni òru bá di ọ̀sán.

Ó tiẹ̀ yẹ ká dúpẹ́ pé ẹ̀dà kankan kù. Wọn ò gba àṣẹ lọ́wọ́ Florence, opó Bram Stoker tó kọ ìwé Dracula, kí wọ́n tó fi ìwé ọkọ rẹ̀ ṣeré, ilé-ẹjọ́ Jámánì sì pàṣẹ ní 1925 pé kí wọ́n run gbogbo rẹ̀. Èyí tó ti rìn jìnnà ló bọ́. Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un: nínú ìwé Stoker, Dracula ń rìn lọ́sàn-án láìkú. Inú fíìmù yìí ni oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa fámpáyà.

Ní ti eré sísá, nǹkan bí àwòrán 18 ló yẹ kó kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ 24 ni ẹ̀rọ ìgbà tí fíìmù ti ń sọ̀rọ̀ ń lò. Ẹ̀dà tó pé ń lọ sí nǹkan bí iṣẹ́jú 94. Tí wọ́n bá fi 24 sáré rẹ̀, á di nǹkan bí 70. Nínú VLC, ìyẹn áàpù tí wọ́n fi ń wo fídíò, ẹ lọ sí Playback, ẹ yan Speed, kí ẹ dín in kù sí 0.75. Ẹ pa ohùn rẹ̀, torí orin á máa wọ́ nílẹ̀, kí ẹ fi orin mìíràn sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn. Bí ìgbésẹ̀ rẹ̀ bá lọ geere, a jẹ́ pé gígé ni wọ́n gé ẹ̀dà yẹn kúrú, kì í ṣe pé ó ń sáré. Ẹ wá èyí tó ní aró. Ìyẹn ló dáa jù.

Ìbéèrè: Tẹlifíṣọ̀n tuntun la rà, àmọ́ Dracula ti Christopher Lee wá rí bíi fídíò ayẹyẹ. Ojú Bela Lugosi nínú Dracula ti 1931 náà fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. (Láti Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Tẹlifíṣọ̀n yín ló ń fi àwòrán tirẹ̀ há àárín ti fíìmù. LG ń pe iṣẹ́ yẹn ní TruMotion, Sony ní Motionflow, Samsung ní Auto Motion Plus tàbí Picture Clarity. Ẹ pa á. Tí Filmmaker Mode bá wà lára ètò àwòrán tẹlifíṣọ̀n yín, ẹ yàn án, iṣẹ́ ti bùṣe. Ẹ sá fún Vivid, ètò tó ń mú àwọ̀ pọ́n sí i: àwọ̀ fíìmù Lee yẹn, tí ilé-iṣẹ́ Hammer ṣe ní 1958, ti pọ́n tẹ́lẹ̀, Vivid á sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di omi ata.

Ti Lugosi, wọ́n fa àwòrán 1931 kó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n ni. Ẹ dá a padà sí 4:3 tàbí Original; dúdú tó máa wà lápá ọ̀tún àti òsì kì í ṣe àléébù. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ máa dín Brightness kù títí aṣọ ìlékè rẹ̀ á fi dúdú, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣì máa rí ìṣẹ́po rẹ̀. Karl Freund tó ya fíìmù náà tan iná kékeré sí ẹyinjú Lugosi gan-an. Tí àwòrán bá mọ́lẹ̀ jù, ẹ ò ní mọ̀ pé iná kankan wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ Dark Shadows, eré orí tẹlifíṣọ̀n yẹn? Apá rẹ̀ ti pọ̀ jù! (Láti Houston)

Ìdáhùn: Apá 1,225 ni, láti June 1966 títí di April 1971 lórí ABC, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Ẹ fo 209 àkọ́kọ́, kò sí fámpáyà níbẹ̀. Ní apá 210 ni Willie Loomis ṣí pósí tí ọwọ́ kan sì yọ jáde. Ní 211, Barnabas Collins, fámpáyà náà, kan ilẹ̀kùn. Ẹ ó rí òjìji máíkù lára ògiri, ẹ ó gbọ́ òṣèré tó gbàgbé ọ̀rọ̀. Téèpù fídíò ni wọ́n lò, gígé rẹ̀ nira, owó rẹ̀ sì wọ́n, nítorí náà eré kì í dúró. Àwa ò fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe.

Ìbéèrè: Ṣé kò sí èèyàn dúdú nínú wọn ni? (Láti Èkó)

Ìdáhùn: Ó wà. Ẹ wá Blacula ti 1972. William Marshall ni Mamuwalde, ọmọ ọba ilẹ̀ Áfíríkà tó lọ bẹ Dracula ní 1780 pé kó bá òun dá òwò ẹrú dúró. Dracula sọ ọ́ di fámpáyà, ó sì tì í mọ́ inú pósí. Àwọn àwàdà inú rẹ̀ ti gbó, ọ̀rọ̀ èébú sì wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn ná. Ohùn Marshall nìkan tó owó tí ẹ máa san.