Aṣọ àdìrẹ fún ìyá àgbà tó bá wọn jà ní Aké

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè ṣe iṣẹ́ ọnà fún ìyá ìyá yín tó wà nínú ìjà owó orí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ní 1947, tí ẹ ò sì ní fọ́tò rẹ̀ kankan, ẹ má wá ojú rẹ̀ kiri mọ́. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wá.

Ìyá tó bí bàbá mi náà bá wọn jà. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní kí n ya Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Mo kọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyá yẹn gidigidi, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ọjà ló tẹ̀ lé e lọ sí ààfin Aláké, ọba Ẹ̀gbá, ní Aké, l'Abẹ́òkúta, orúkọ tiwọn ni kò sí nínú ìwé. Bí ẹ bá wá fi ojú ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ bo ti ìyá yín mọ́lẹ̀, kí lẹ ṣe fún un?

Ẹ jókòó ti àwọn àgbà ilé. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ṣé ìyá jà fún òmìnira, wọn ò ní rí nǹkan kan sọ. Ẹ bi wọ́n ohun tó ń tà, ibi tó ti ń tà á, ẹni tó wá gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu àbúrò rẹ̀ obìnrin ni mo ti gbọ́ pé ìrẹsì ló ń tà, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé e nígbà ogun Hítílà. Mọ̀mọ́ yẹn náà ló sọ bí àwọn agbowó-orí ṣe ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti wò ó bóyá ó ti tó ẹni tí ń san owó orí. Mi ò ya ìyẹn. Kò yẹ kí n tún tú wọn síhòòhò lójú ayé.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo fi ṣe é, èyí tí wọ́n ń fi láfún sísè ya nǹkan sára rẹ̀ kí aró má bàa mú ibẹ̀. Nígbà júbílì ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1935, wọ́n ya George Karùn-ún àti ìyàwó rẹ̀ sára àdìrẹ, Ọlọ́ba ni wọ́n ń pe aṣọ náà. Bí àdìrẹ bá gba ọba òyìnbó, ó gbọ́dọ̀ gba oníresì. Mo pín aṣọ sí ojú-ojú bíi ti àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Olókun: kọ́ńgò ìrẹsì, ìwé owó orí, ẹnu ọ̀nà ààfin. Ìyẹ́ adìẹ ni kí ẹ fi yà á, kì í ṣe páànù tí wọ́n gé. Ó yẹ kí ọwọ́ ọmọ-ọmọ hàn níbẹ̀. Ẹ fi álọ́ọ̀mù sí láfún, kí ẹ sè é kó ki, torí èyí tó bá ṣàn yóò yọ́ sínú aró. Kó gbẹ dénú kí ẹ tó rẹ ẹ́. Ẹ rẹ ẹ́, ẹ yọ ọ́, ẹ sá a, kí ẹ tún rẹ ẹ́ títí yóò fi dú bí ẹ ṣe fẹ́.

Ẹbí lè ta kò yín o. Ilé wa so mọ́ ààfin lápá kan, ọ̀rọ̀ Aláké Adémọ́lá Kejì, tó fi oyè sílẹ̀ nítorí ìjà yìí ní January 1949 kó tó padà wálé ní ìparí 1950, ṣì ń dun àwọn kan. A jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹnu ọ̀nà ni màá yà, mi ò ní ya ọba. Ìyẹn ò bu iṣẹ́ náà kù lójú mi.

Ẹ kọ́kọ́ fi yáàdì kan dán an wò. Bí ẹ bá dé Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Abẹ́òkúta, ẹ béèrè ẹni tó ṣì ń lo èlú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, kí ẹ tó ra aró òyìnbó.