Ẹ Bi Bàbá Tíṣà: Ta ló kọ́kọ́ dé orí Mont Blanc?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ilé ìwé àwọn ọmọ mi kó wọn lọ sí Òkè Ìdànrè lóṣù tó kọjá. Nígbà tí wọ́n dé, Adé ní tíṣà àwọn sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkè gígùn ṣeré, lórí òkè kan tó ń jẹ́ Mont Blanc. Ta ló kọ́kọ́ gùn ún? Kí ló ń wá lọ síbẹ̀? — Ìyá Adé, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Adé, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Tíṣà yẹn ò purọ́, ṣùgbọ́n kí Adé má rò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní òkè gígùn o. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lókè kì í pe gígùn rẹ̀ ní eré.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Chamonix, ìlú kékeré kan ní ẹsẹ̀ òkè Alps, nílẹ̀ tó jẹ́ ti Faransé lónìí. Àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń wá òkúta dídán tà ló mọ òkè náà bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ṣóńṣó Mont Blanc nìkan ni ẹsẹ̀ wọn ò dé. Ó ga ju mítà 4,800 lọ, yìnyín ò sì kúrò lórí ẹ̀ tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Ní 1760, Horace-Bénédict de Saussure, ọ̀mọ̀wé ará Geneva, ṣèlérí owó fún ẹni tó bá rí ọ̀nà débẹ̀. Ọdún 26 ni owó náà fi wà láìrí ẹni gbà á.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, 1786, ni Michel-Gabriel Paccard, dókítà ìlú náà, àti Jacques Balmat, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá òkúta, dé orí rẹ̀. Wọn ò so okùn mọ́ra. Ọ̀pá gígùn ló wà lọ́wọ́ wọn. Yìnyín ibẹ̀ a máa lanu bíi kànga, yìnyín tuntun a sì bo ẹnu kànga náà mọ́ èèyàn lójú. Bó bá já lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni, àfi kéèyàn tètè fi ọ̀pá dábùú, kó dì í mú. Ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́fà kọjá, ni wọ́n tó débẹ̀. Ará Jámánì kan, Baron von Gersdorff, ń fi awò wò wọ́n láti ìsàlẹ̀, ó ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, Paccard ò ríran mọ́, oòrùn orí yìnyín ti bá a lójú jà.

Balmat gba owó. Ó tún ń sọ káàkiri pé òun lòun wọ́ dókítà gòkè, ayé sì gbà á gbọ́! Ní 1887, wọ́n gbé ère kalẹ̀ ní Chamonix: Balmat ń nàka sókè, Saussure dúró tì í. Wọn ò ṣe ti Paccard. Àkọsílẹ̀ ará Jámánì yẹn wà lára ohun tó padà gbèjà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó di 1986 kó tó ní ère tirẹ̀. Igba ọdún gbáko! Èmi ò lè dárí ìyẹn ji Balmat.

Ohun tí wọ́n wá lọ? Saussure fẹ́ wọn afẹ́fẹ́ ibẹ̀ àti bí omi ṣe ń gbóná tó kó tó hó lókè, ó sì gùn ún ní 1787 pẹ̀lú amọ̀nà 18. Marie Paradis, ọmọ ọ̀dọ̀ tó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó débẹ̀, ní 1808, àwọn amọ̀nà ló fà á dókè. Ní ti Balmat, owó ni. Wúrà ló ń wá kiri nígbà tó já bọ́ láti orí àpáta ní 1834, ibẹ̀ ló kú sí.

Èmi alára ti gun àtẹ̀gùn Ìdànrè, tó lé ní 600. Ibi ìsinmi kẹta ni bàtà mi ti yanu. Ọmọdébìnrin kan gbé píọ̀ wọ́tà sórí, ó kọjá lára mi, ó ní, “Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o,” mi ò gbọ́ kó mí hẹlẹ. Ẹ bá mi bi Adé, ibi ìsinmi mélòó lòun jókòó sí?