Ṣé ọ̀dà nìkan lè gba búlọ́ọ̀kù oníbébà lọ́wọ́ òjò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Búlọ́ọ̀kù oníbébà tí wọ́n ń pè ní papercrete ni mo fi kọ́ yàrá kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìkìrè. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni mo rẹ sómi, mo gún un, mo wá pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn díẹ̀. Mo ti kan páànù sí i, ṣùgbọ́n n kò tíì rẹ́ ẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi gloss, ọ̀dà tó ń dán, kùn ún nínú lóde, pé omi ò ní ráyè wọlé. Ẹlòmíì ní kóòtà, ọ̀dà dúdú tó nípọn yẹn, ló dáa jù. Èwo ni kí n ṣe kí òjò tó dé?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra gloss yẹn. Ẹ mú ẹyọ búlọ́ọ̀kù kan tó ṣẹ́kù, ẹ gbé e dúró lóòró sínú abọ́ ìfọṣọ, kí ẹ bu omi sí i kó jìn tó ìka méjì péré. Ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà wá wò ó. Ẹ ó rí ìlà dúdú kan tó ń gun búlọ́ọ̀kù náà lọ sókè, tó ti fi ojú omi sílẹ̀ nísàlẹ̀. Bébà ló ń fa omi yẹn, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ohun tí ògiri yín yóò máa ṣe láti ilẹ̀ nìyẹn, bí òjò ò tiẹ̀ kàn án lójú rárá. Ọ̀dà tí ẹ bá kùn sójú rẹ̀ kò lè dá ìyẹn dúró.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí. Yàrá ìkẹ́rùsí kan wà tí mo kọ́ nígbà tí iṣẹ́ yìí ṣì ṣàjèjì sí mi. Gloss ni mo kùn ún, ẹ̀ẹ̀mejì gbáko, ó ń dán yinrin. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ara ògiri ti lé ròrò káàkiri. Mo fi ìṣó gún ọ̀kan, omi tú jáde. Nígbà tí mo họ ọ̀dà náà kúrò, búlọ́ọ̀kù abẹ́ rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n gbàgbé sínú omi, ó sì ń rùn bí aṣọ tútù tí wọn ò sá. Omi ti bá ẹsẹ̀ ògiri wọlé, gloss wá tì í mọ́ inú, kò rí ọ̀nà jáde.

Ẹ̀sùn kejì tí mo ní sí gloss: epo ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ dúdú, ẹ mọ̀ pé bí omi eérú bá pàdé àdín, ọṣẹ ló ń dà. Sìmẹ́ǹtì tuntun tó ṣì tutù mú bí omi eérú. Tó bá pàdé epo inú gloss, ọ̀dà yẹn yóò di yọ̀tọ̀yọ̀tọ̀, yóò sì máa ṣí.

Kóòtà ńkọ́? Inú ilẹ̀ ni ipò rẹ̀, lára ìpìlẹ̀. Ẹ má gbé e sára ògiri tí oòrùn ń pa. Yóò máa yọ́, yóò máa gba inú ọ̀dà yòówù tí ẹ bá kùn lé e jáde.

Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ ilé papercrete tí ẹ ń rí nínú fídíò, apá aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n wà, ní New Mexico, Arizona àti ìwọ̀-oòrùn Texas. Ní Albuquerque, òjò ọdún kan gbáko kì í sábà tó 250 mílímítà. Ti Ìbàdàn lé ní 1,200. Ohun tí wọ́n lè fojú fò lọ́hùn-ún, àwa ò lè fojú fò ó.

Nítorí náà, ẹsẹ̀ ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Tó bá jẹ́ pé ẹ kọ́ ọ lórí búlọ́ọ̀kù oníyanrìn lásán ìlà méjì, tí ẹ sì tẹ́ ọ̀rá DPC, èyí tí kì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ gun ògiri, sáàárín, ọkàn mi balẹ̀. Tó bá jẹ́ orí ilẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù oníbébà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ pe bíríkìlà tó mọ iṣẹ́, kó máa yọ ìlà ìsàlẹ̀ lábala-lábala, kó máa fi búlọ́ọ̀kù oníyanrìn àti DPC rọ́pò rẹ̀. Kò gbọdọ̀ yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan o! Ẹ jẹ́ kí páànù yọ jáde tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má baà máa ta omi àti ẹrẹ̀ sára ògiri, kí ẹ sì da ilẹ̀ àyíká rẹ̀ kó dagẹ̀rẹ̀ sóde. Ikán wà nínú ọ̀rọ̀ yìí náà: bébà tó tutù, àsè ni lójú wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Gbígbẹ ojú kọ́ ni mò ń wí. Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù kan tí ẹ jọ ṣe pẹ̀lú àwọn tó kù sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ tún gbé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Rírẹ́ ló kàn. Ẹ kan wáyà adìẹ mọ́ ọn, kí ẹ po sìmẹ́ǹtì kan, láìmù kan (ìyẹ̀fun funfun ti ìkọ́lé, kì í ṣe ọsàn), iyanrìn mẹ́fà. Láìmù yẹn ni kò ní jẹ́ kí ó le gbagidi jù, tí yóò sì jẹ́ kí ooru omi rí ibi gbà jáde. Ẹ rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí ti àkọ́kọ́ sán tán kí ẹ tó fi èkejì bò ó.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ ọ̀dà tó kàn. Emulsion ìta, ọ̀dà olómi, tó jẹ́ ojúlówó ni kí ẹ fi kun òde; inú, emulsion lásán ti tó. Bí ẹ kò bá fẹ́ kun òde rárá, ẹ wá omi ìdènà òjò tó ní èròjà siloxane nínú. Kì í dí ihò ara ògiri, ṣùgbọ́n òjò tó bá bọ́ sí i yóò máa yí kiri bí omi orí ewé kókò. Kì í ṣe títí ayé o, ẹ máa wọ́n omi sí i wò lọ́dọọdún; níbi tó bá ti ń mu omi, ẹ tún un kùn. Kò sì lè di ojú tó ti sán. Ọ̀dà Texcote tó nípọn lè bo ojú sísán díẹ̀, àmọ́ n kò ní fọwọ́ sí i títí dìgbà tí ó bá dá yín lójú pé ẹsẹ̀ ògiri gbẹ.

Sealant inú rọ́bà tí wọ́n ń fi ìbọn tẹ̀, etí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ má ra onísílíkóònù tí ẹ bá fẹ́ kun ọ̀dà lé e, nítorí ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ béèrè fún oní-acrylic tàbí polyurethane.

Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá ti dá, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri láti inú ilé. Tó bá tutù, ẹ kọ̀wé sí mi padà kí ẹ tó tún kun ohunkóhun sí i.