Ìtọ̀ ń kán lẹ́yìn tí mo ṣe àlùwàlá tán

Ìbéèrè: Àfáà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Mẹ́káníìkì ni mí ní Sábó, Ìkòròdú níbí, ọmọ ọdún 41. Tí mo bá tọ̀ tán tí mo ṣe àlùwàlá, bí mo bá ṣe ń lọ kírun báyìí, ìtọ̀ bíńtín á tún kán sí mi ní páńtì. Mo lè ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀mẹta fún Áílà kan, nígbà míì mo máa ń lọ wẹ̀ pátápátá. Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún 13, náà ti ń wò mí ṣe. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan kọ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ń kọ́mọ ní kéwú lópin ọ̀sẹ̀, mò ń gbọ́ ìbéèrè yìí níbi méjèèjì, ojú kàn máa ń ti àwọn ọkùnrin ni.

Ṣẹ́ ẹ rí i, páìpù ìtọ̀ ọkùnrin ò lọ tààrà, ó tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ ẹpọ̀n kó tó yọ síta, ibẹ̀ ni díẹ̀ máa ń dúró sí, bí ìgbà tẹ́ ẹ pa pọ́ǹpù tán tí epo inú họ́ọ̀sì ṣì ń kán. Ẹ gbọ̀n ọ́n lógún ìgbà, èyí tó wà nísàlẹ̀ ò ní mì, ìgbà tẹ́ ẹ bá rìn tàbí tẹ́ ẹ tẹ̀ fún rùkúù ló máa jáde. Torí náà ẹ lóṣòó tọ̀, ẹ má kánjú dìde, ẹ ka ení èjì dé ogún. Ẹ wá fi ìka ọwọ́ òsì méjì tẹ ẹ̀yìn ẹpọ̀n, kẹ́ ẹ rọra fà á bọ̀ wá síwájú, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta ti tó, kẹ́ ẹ fomi kẹ́tùlù ṣan án. Ẹ má fún un líle o. Mo ti rí ẹni tó ń fò sókè sódò lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kó lè tán, mi ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bu omi díẹ̀ wọ́n iwájú páńtì. Tó bá tutù, ẹ mọ̀ pé omi tẹ́ ẹ wọ́n ni, wáswáásì, ìyẹn iyèméjì tó ń dà yín láàmú, á fi yín sílẹ̀. Ànábì sọ pé ẹni tó bá ń rò ó nínú ìrun pé nǹkan jáde lára òun, kó má kúrò títí táá fi gbọ́ ìró tàbí gbóòórùn. Lórí ìsó lọ̀rọ̀ yẹn wá, àmọ́ àwọn àfáà ń lò ó fún iyèméjì yòókù náà. Tó bá wá dá yín lójú pé ó kán lóòótọ́, ẹ má fojú fò ó, ẹ fọ ibi tó kàn, ẹ tún àlùwàlá ṣe. Ó parí. Ìtọ̀ kì í sọni di oníjánábà, ìyẹn ẹni tó gbọ́dọ̀ wẹ̀ kó tó kírun, kò sídìí fún ìwẹ̀ yẹn rárá.

Tó bá jẹ́ pé kò dáwọ́ dúró látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ fi tíṣù sí i, ẹ ṣe àlùwàlá tuntun tí àkókò ìrun bá ti wọlé, ẹ kírun yín, kódà tó bá ń kán lórí ìrun. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ́sibítù, pàápàá tó bá ń ta yín, tẹ́jẹ̀ bá wà níbẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ bá ń dìde tọ̀ lóru ṣáá, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ṣúgà wò.

Ẹ pe ọmọ yẹn sí kọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún un, torí àṣìṣe yín náà ló ń kọ́. Ẹ fi ọṣẹ bó gíríìsì ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó ṣe àlùwàlá, èyí tó bá nípọn ò ní jẹ́ komi kan ara. Dúdú dúdú tó bá ṣẹ́ kù sí èékánná lẹ́yìn ìyẹn, àwọ̀ lásán ni.