Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Ọmọ tí Ogun Lé Dé Ọ̀dọ̀ Wa

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdílé kan tó sá fún Boko Haram ní Borno gba yàrá nílé wa ní Sábó. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n kó wá, àbígbẹ̀yìn ò ju ọmọ ọdún kan àbọ̀ lọ. Káàdì àjẹsára wọn ti jóná. Ìyá wọn ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá tún abẹ́rẹ́ gún wọn, yóò pọ̀ jù. — Màmá onílé, Ṣàgámù*

Màmá, ẹ mú wọn lọ lọ́sẹ̀ yìí gan-an. Lójú àwọn elétò ìlera, abẹ́rẹ́ tí kò sí lákọsílẹ̀, bí èyí tí ọmọ kò gbà ni. Bí ọmọ bá gba ti éèyi lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀mejì, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìjọba.

Nọ́ọ̀sì yóò wo òkè apá òsì bóyá àpá BCG, àjẹsára ikọ́ ife, wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ti éèyi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ti Penta, abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún; ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà láàárín ìkan àti èkejì. Ọjọ́ orí ni yóò fi mọ èyí tó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pa ọjọ́ kan jẹ, ibi tí wọ́n dé ni wọ́n ti máa tẹ̀ síwájú, wọn kì í padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá gba káàdì tuntun, ẹ fi fóònù ya ojú rẹ̀ méjèèjì.

Kí wọ́n tún fi téèpù wọn apá àbígbẹ̀yìn. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún tí apá rẹ̀ kò tó mílímítà 115, ebi ti fi ẹ̀mí rẹ̀ sínú ewu nìyẹn. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò tètè padà, ọjọ́ náà ni kó dé ilé ìwòsàn, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ kún. Oúnjẹ ẹ̀pà inú ọ̀rá ni wọ́n fi ń tọ́jú èyí tí kò bá ní àìsàn mìíràn: gíráàmù 92 lọ́ra kan, kálórì 500 ló wà nínú rẹ̀. Gààrí Ìjẹ̀bú dùn lóòótọ́, kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

*Gbogbo ìrànwọ́ tí a ń gbọ́ lórí rédíò, ṣé kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ogun lé ní Borno ni? — Ìjẹ̀bú-Igbó*

Olè wà níbẹ̀, a ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ló kọ́kọ́ ń jẹ ẹrù kí olè tó débẹ̀. Ẹ wo ìlú Rann ní Borno, nítòsí ààlà Kamẹrúùnù. Bí òjò bá dé, mọ́tò kò ní rí i wọ̀, àfi hẹlikópítà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2018, àwọn agbébọn wọ ibẹ̀, wọ́n pa òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ mẹ́ta, wọ́n sì jí obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera mẹ́ta gbé. Méjì nínú wọn jẹ́ agbẹ̀bí Red Cross, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì kí ọdún náà tó parí. Àjọ oníṣègùn MSF kó èèyàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù náà. Oògùn lè wà ní Maiduguri kó má sí ẹni tí yóò fún aláìsàn.

Àjẹsára tún le jù. Láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí Sẹ́lísíọ̀sì ló gbọ́dọ̀ wà, yìnyín inú àpótí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká kì í sì í pẹ́ kó tó yọ́. Bí wọ́n bá dá wọn dúró lọ́nà, ó lè bàjẹ́ nìyẹn. Torí pé àjẹsára kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ni rọpárọsẹ̀ ṣe tún yọ ní Borno lọ́dún 2016, lẹ́yìn ọdún méjì tí a ò gbúròó rẹ̀. Níbi tí nọ́ọ̀sì kò lè dé nígbà náà, àwọn sójà ló kán àjẹsára rẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu.

*Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan dé kíláàsì mi, kò ní ìwé kankan. Kì í sọ̀rọ̀. Bí ìlẹ̀kùn bá gbá, abẹ́ bẹ́ńṣì ló ń wọ̀. — Tíṣà, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ẹ gbà á wọlé ná. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ títí dé Jésí Mẹ́ta. Ẹ fún un ní ìpínrọ̀ kan látinú ìwé Púrámárì Kejì kó kà, àti ìṣirò márùn-ún, kí ẹ lè mọ ibi tó ti dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má fi sáàárín àwọn ọmọ ọdún méje; ìtìjú á lé e lọ. Kíláàsì tó sún mọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ ni, kí ẹ máa kọ́ ọ ní ìwé kíkà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Bí Hausa tàbí Kanuri ló ń sọ, ẹ wá ọmọ Sábó kan tí yóò jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kó jókòó níbi tó ti lè rí ẹnu ọ̀nà. Ẹ má bi í léèrè ohun tójú rẹ̀ rí. Bó bá fẹ́ sọ, ẹ gbọ́. Ẹ sọ fún un kí agogo tó lù. Ọjọ́ kẹta Iléyá, ìyẹn Ojúde Ọba, ẹ mọ bí àwọn ìdílé Balógun ṣe ń yìnbọn. Kí ẹnì kan ti ṣàlàyé fún un láti àná rẹ̀, kí àgbà kan sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ lè kọ̀ pé kò ní lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹ má bínú sí i: àwọn ọmọbìnrin 276 tí wọ́n kó ní Chibok ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014, torí ìdánwò ni wọ́n ṣe wà nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti tì tẹ́lẹ̀. Ẹ mú un rí géètì, ẹ fi ẹni tí yóò máa fa ọmọ lé e lọ́wọ́ hàn án.

Bí oṣù kan bá kọjá tí kò jẹun dáadáa, tí kò sì sùn dáadáa, ó di ti dókítà. Ẹ má kọ́kọ́ dárúkọ Arò fún wọn, wọ́n á rò pé wèrè lẹ̀ ń pe ọmọ wọn. OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù, ni kí ẹ darí wọn sí, ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé.