Ṣé ológbò ẹlẹ́sẹ̀ dúdú wà nínú igbó Ìbàdàn?

Rárá, ológbò ẹlẹ́sẹ̀ dúdú, Felis nigripes, kò sí nínú igbó Ìbàdàn. Apá gúúsù Áfíríkà nìkan ló ń gbé, pàápàá ní Nàmíbíà, Bòtìswánà àti South Africa. Ilẹ̀ gbígbẹ tí koríko rẹ̀ kúrú ló bá a lára mu, kì í ṣe ẹgàn bíi tiwa.

Òun ló kéré jù nínú àwọn ológbò igbó Áfíríkà: akọ rẹ̀ kì í sábà wọ̀n ju kílò 2.5 lọ, abo sì kéré sí i. Àmọ́ ọdẹ gidi ni. Lọ́sàn-án, inú ihò tí ẹranko mìíràn gbẹ́ sílẹ̀ ló máa ń sùn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á jáde, á lúgọ sẹ́nu ihò eku láìmira, etí nìkan ni yóò máa jù, títí eku yóò fi yọrí. Ó lè pa eku àti ẹyẹ kéékèèké 10 sí 14 lóru ọjọ́ kan.

Ẹranko alámì tótòtó tí èèyàn bá rí lóru lóko lápá Mọníyà tàbí Ìdó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹtà, ẹtà kì í sì í ṣe ẹbí ológbò.